Àjàyí Crowther: Orúkọ Tó Ṣáájú Nínú Rẹ́jístà

  

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ Ìgàngàn wà níbẹ̀, ọmọ Tápà wà níbẹ̀, ọmọ Ayétẹ̀, Ìdèrè, Ìgbò-Ọrà, Láńlátẹ̀ àti Èrúwà ò gbẹ́yìn. Ìbàràpá méje pé. Àpótí onírin wà lórí, gàrí wà nínú àpò, ata díndín wà nínú agolo. Yunifọ́ọ̀mù tuntun ṣì le gbagidi lára. Bàbá tàbí ìyá kìlọ̀ fún wa tán, wọ́n yíjú padà, wọ́n ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún ò tóbi: kíláàsì mélòó kan, gbọ̀ngàn tá a ti ń gbàdúrà àárọ̀, ilé ìsùn tí bẹ́ẹ̀dì kún fọ́fọ́. Àmọ́ lójú ọmọ tuntun, ó fẹ̀ ju gbogbo ìlú lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ni kò fi aṣọ ìbora bojú sunkún? Ẹni tó bá ní òun ò sunkún, kó dìde ní ìpàdé ká rí i.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín náà ti jẹ́ ọmọ tuntun rí ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ti àwọn Kristẹni. Àmọ́ bàbá kankan kò sìn ín débẹ̀, kò sì sí àpótí lórí rẹ̀. Ará ìtòsí wa ni. Òṣóògùn ni wọ́n ti bí i, ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn lónìí. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti wọkọ̀ láti Èrúwà gba Láńlátẹ̀ àti Adó-Àwáyè lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó ti gba sàkáání ilẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Gbogbo yín lẹ mọ orúkọ rẹ̀: Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Àwòrán àgbàlagbà tó wọ aṣọ oyè ìjọ la máa ń rí nínú ìwé, a sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ oyè rẹ̀ débi pé a gbàgbé pé òun náà ti ṣe ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká fi àgbàlagbà yẹn sílẹ̀ ná, ká wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́.

OKÙN LỌ́RÙN

Láàárín ọdún 1807 sí 1809 ni wọ́n bí Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa: ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń jẹ́ Àfàlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí ọmọ náà tó bí ẹni ọdún 12 tàbí 13, ogun wọ Òṣóògùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn obìnrin ṣì ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìlú ti di eérú. Wọ́n fi okùn so Àjàyí lọ́rùn, òun àti ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì àti ọmọ ìbátan wọn kan, wọ́n sì dà wọ́n lọ sí Ìṣẹ́yìn.

Ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n fi ọmọ náà ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó tó bí oṣù méjì, ẹṣin ò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ni wọ́n bá dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Wọ́n ya òun àti ìyá rẹ̀. Ìgbà kan wà tó gbèrò láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, àyà rẹ̀ ò gbà á ni. Nígbẹ̀yìn, ó dé Èkó, ibi tí kò ti rí omi tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú yòókù sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Wọ́n jẹ́ 187.

Ọkọ̀ yẹn ò lọ jìnnà. Àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń dínà òwò ẹrú lójú òkun mú un, wọ́n sì kó Àjàyí àti àwọn mélòó kan wọ inú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Myrmidon. Henry Leeke lorúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ẹ fi orúkọ yìí pa mọ́, a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ṣé inú àwọn ọmọ náà wá dùn? Rárá o. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n fi kọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n rò pé ẹran èèyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, roboto roboto, wọ́n rò pé orí èèyàn ni. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ni wọ́n rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti irin lásán ni. Ẹ máà rẹ́rìn-ín. Ọmọ tuntun wo ni kì í bẹ̀rù ohun tí kò mọ̀? Àwa náà tí wọ́n sọ fún pé iwin ń bẹ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ta ló jáde ní òru nínú wa?

EÉPÌNNÌ KAN

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Sàró, wọ́n sì mú Àjàyí lọ sí Bathurst, abúlé kan lórí òkè lẹ́yìn Freetown, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówó ẹrú sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí ilé-ẹ̀kọ́.

Wọ́n sọ ìtàn kan nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Bí wọ́n ṣe jáde ní kíláàsì, ó sáré wọ ìgboro, ó wá ará ilé rẹ̀ kan lọ, ó tọrọ eépìnnì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àkàrà ló fi rà. Ìwé a-bí-dí ló fi rà, kó lè ní ti ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin rí, ohun tó kọ́kọ́ fi owó rà fún ara rẹ̀ ni ìwé.

Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun fúnra rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe mọ́nítọ̀, wọ́n ń san kọ́bọ̀ méje àti ààbọ̀ fún un lóṣù, kọ́bọ̀ ayé ìgbà yẹn. John Weeks kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ìyàwó Weeks náà wà lára àwọn tó kọ́ ọ níwèé. Ẹ fi orúkọ tirẹ̀ náà pa mọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún tí wọ́n ń pè ní Àsánò, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú bíi tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ọmọ kíláàsì yín, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ọdún 1829 ni Àjàyí àti Àsánò ṣègbéyàwó.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un. Orúkọ àlùfáà kan ní ìlú òyìnbó, Samuel Crowther, ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún 1826, wọ́n mú un lọ sí ìlú òyìnbó, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù díẹ̀. Ìgbà tó fi máa padà dé Sàró lọ́dún 1827, ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan ti ń dúró dè é.

ÀWỌN MẸ́FÀ

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tàn yín jẹ. Lọ́dún 1827 tí àwọn CMS dá Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, kò sí nǹkan bàbàrà kan níbẹ̀. Ọ̀gá kan ló ń darí rẹ̀, Charles Haensel, ọmọ Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọlé ò ju mẹ́fà lọ. Mẹ́fà péré! Wọn ò tó ẹni tí yóò dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sílẹ̀. Orúkọ tó ṣáájú nínú rẹ́jístà ni Samuel Crowther.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ò fara sin. Ibà ń pa àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ní Sàró. Ẹni tó bá dé lọ́dún yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sin ín kí ọdún tó yí po. Àwọn CMS wá rí i pé bí iṣẹ́ náà ò bá ní kú, àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ kí wọ́n di tíṣà àti oníwàásù.

Ọ̀nà tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ gbà débẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Àwa ṣe ìdánwò àṣewọlé, wọ́n pe orúkọ wa, ìyá wa jó. Ti Àjàyí, ọkọ̀ ogun ló gbé e wá. Nígbà tí ìsinmi bá dé, kò sí ilé tó máa lọ. Tiwa, bí ọjọ́ àbẹ̀wò bá pé, a ó ti dúró sẹ́nu géètì láti àárọ̀, ojú wa ò ní kúrò lọ́nà títí ìyá wa á fi gbé abọ́ oúnjẹ dé. Àjàyí ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì wà láàyè.

Kí ló wá gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà? Kò lówó, kò ní ẹbí tó lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹrù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ogun ò rí jó, tí olówó ẹrú ò rí tà, tí òkun ò rí gbé lọ: èdè tí Àfàlá fi tọ́ ọ ní Òṣóògùn. Ẹrù yẹn ló gbé wọ kíláàsì.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Sàró nígbà náà. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, torí pé ẹ kú, ẹ kú, ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn tọ̀sán tòru: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ewu. Àlùfáà Raban tó ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ èdè yẹn jọ sínú ìwé pélébé pélébé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1830. Àjàyí wá rí i pé ohun tí òun mú ti ilé wá náà ṣeé kọ sílẹ̀, ó ṣeé kà, ó ṣeé kọ́ ọmọ. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lọ tó kọ́ nìyẹn.

Ó jáde, ó ṣe tíṣà ní abúlé. Lọ́dún 1834, ó padà sí Fourah Bay gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ọmọ tuntun àná ti ń gba ọmọ tuntun wọlé.

OHUN TÓ GBÉ JÁDE

Ẹ jẹ́ n sáré díẹ̀ níbi tí gbogbo yín ti mọ̀. Lọ́dún 1841, ó bá àwọn òyìnbó rìn ní odò Ọya. Lọ́dún 1842, ó tún di ọmọ tuntun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn CMS ní Islington, lẹ́yìn tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ti lọ́mọ, tó ti ṣe olùkọ́. Kò tijú. Lọ́dún 1843, wọ́n fi í joyè àlùfáà. Lọ́dún kan náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde.

Nígbà tó padà dé Freetown, ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá. Ẹ fojú inú wo àwọn Akú yẹn, tí wọ́n ti gbàgbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni Ọlọ́run òyìnbó ń gbọ́, tí wọ́n wá gbọ́ èdè ilé wọn láti orí pẹpẹ, lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹrú.

Lọ́dún 1846, ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì. Níbẹ̀, nínú oṣù kẹjọ, wọ́n mú obìnrin àgbàlagbà kan wá bá a. Àfàlá ni. Ọdún 25 ti kọjá látìgbà tí wọ́n ti ya wọ́n. Àwọn méjèèjì di mọ́ra, wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wojú ara wọn. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ àbẹ̀wò dé níkẹyìn. Èdè tí wọ́n sì fi kí ara wọn, nígbà tí ẹnu wọn là, ni èdè tí ọmọ náà gbé la gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kọjá tí kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ní oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah.

Lọ́dún 1859, ana rẹ̀, àlùfáà Thomas Babington Macaulay tó fẹ́ Abigail ọmọ rẹ̀, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ ó ha gbà mí gbọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà ní Fourah Bay, mẹ́fà ní Èkó. Herbert Macaulay tó bá ìjọba òyìnbó fà á ní Èkó, ọmọ Abigail yìí kan náà ni.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Àjàyí joyè bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá lọ́lá. Èrò kún inú ilé. Àwọn méjì wà láàárín wọn tí mo ní kẹ́ ẹ fi orúkọ wọn pa mọ́. Ọ̀kan ni Henry Leeke, tó ti di ọ̀gá ńlá nínú ológun ojú omi, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gba ọmọ náà lọ́wọ́ olówó ẹrú. Èkejì ni opó Weeks, tó kọ́ ọmọ náà níwèé ní Bathurst. Ẹ̀yin tíṣà tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, tí owó oṣù yín kì í tètè dé, ẹ ka ibi yìí lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin yẹn ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ; ó pẹ́ láyé débi tó fi rí ohun tí ọ̀kan nínú wọn dà.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe parí lọ́dún 1884. Bíbélì yẹn ni ìyá wa fi ń gbàdúrà. Òun náà ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa láti mọ ẹ yàtọ̀ sí e, ọ yàtọ̀ sí o.

Mi ò ní fi òpin rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Nígbà tó dàgbà tán, àwọn ọ̀dọ́mọdé míṣọ́nnárì láti ìlú òyìnbó dé sí odò Ọya, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi, wọ́n ń yọ wọ́n níṣẹ́ lójú rẹ̀. Lọ́dún 1890, ó fi ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ tìbínú tìbànújẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ìyà tí ìjọ fi jẹ ẹ́. Wọ́n gba iṣẹ́ odò Ọya lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ èdè tó kọ sílẹ̀ kò sí ẹni tó lè gbà á.

ẸJỌ́ TÈMI

Ibi tọ́rọ̀ náà ti dùn mí nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, ó ti lùfin. Fanákúlà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ orúkọ ẹ sílẹ̀, á sanwó ìtanràn tàbí kó gé koríko. Ọ̀pọ̀ yín ló gé koríko yẹn. Àwa kan tó ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń kọ orúkọ ọ̀hún, èmi náà wà lára wọn, mo kọ orúkọ ọmọ tuntun tó fi Yorùbá bèèrè ibi tí kànga wà. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Títí dòní, mo ṣì ń rí ojú rẹ̀.

Àwa tá à ń jẹ ọmọ tuntun níyà torí èdè ìyá rẹ̀, à ń ka Bíbélì ẹni tó gbé èdè ìyá rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì dára. Àjàyí fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì fi kọ ìwé. Àmọ́ kò jẹ́ kí ọ̀kan lé èkejì jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, nígbà tá a bá dá owó jọ lọ́dún yìí fún òrùlé àti àga, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ sápá kan ra ìwé Yorùbá sí láíbúrárì. Ẹ jẹ́ kí mélòó kan nínú wa wà lẹ́nu géètì ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ tuntun bá ń wọlé, ká bá wọn gbé àpótí, ká bi wọ́n ní orúkọ àti ìlú wọn. Ká má fi ọmọ oko tó ń sọ èdè Ìbàràpá kíkì ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ilé-ẹ̀kọ́ wa ti kéré jù, pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, ẹ sọ ti Fourah Bay fún un. Lọ́dún 1876, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ọmọ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ yẹn wọ abẹ́ Yunifásítì Durham, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gboyè yunifásítì níbẹ̀. Ó ṣì wà dòní, ó ti di apá kan Yunifásítì Sàró.

 Ká tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, kó má dín ẹnì kan.